Ẹ̀kán Omi Kì í Gbọ́ "Má Mira"

Ẹ fún ọmọ yín ní bébà àti pẹ́ńsù, kí ẹ ní kó ya ẹ̀kán omi kan. Ohun tí yóò yà kò ṣòro láti mọ̀: orí ṣóńṣó, ìdí róbótó, bí àlùbọ́sà tó fẹ́ yọ ọ̀mùnú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á sára ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ ní kí bàbá ilé náà yà á, bákan náà ni yóò yà á.

Ẹ̀kán omi tó ń já bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní kété tó bá ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ, kó di róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀kán òjò tó tóbi, afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti ìsàlẹ̀ á mú kí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìdajì búrẹ́dì róbótó tí wọ́n dà dé sórí àwo. Orí ṣóńṣó yẹn kì í sí níbẹ̀ rárá, àfi ní ìgbà kékeré tí ẹ̀kán bá ṣì rọ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tí kò tíì já. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún wa. Ojú wa ni kò yá tó.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà àti fíláàṣì wo ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ tí a kò tíì rí dáadáa rí. Bilbalogo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní àárín Ouagadougou, kò jìnnà sí ààfin Mogho Naaba. Ọ̀pọ̀ ilé níbí jẹ́ agboolé: ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí àgbàlá kan ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo sì lè jẹ́ ti gbogbo wọn. Nígbà ooru, láti oṣù March títí di May, ẹ̀rọ lè gbẹ lọ́sàn-án, kó jẹ́ pé òru ni àwọn èèyàn yóò jí láti gbe omi. Ọ̀nà jíjìn ni omi náà sì ti ń bọ̀: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti adágún Ziga, ní nǹkan bí kìlómítà 50 sí ìlú.

Nítorí náà, mo mọ ìbéèrè tí ìyá ilé yóò kọ́kọ́ bi mí: "Ṣé omi tí mo fi oorun mi pọn lẹ fẹ́ máa fi ṣeré?" Rárá, mà. Abọ́ omi kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo alẹ́ ọjọ́ kan, torí omi tó bá kán sínú abọ́ náà la ó máa bù padà lò. Tí a bá ṣe tán, ẹ dà á sídìí ewébẹ̀.

Àwa Yorùbá kì í kúkú ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ fọ́tò ní agbègbè yìí. Òpìtàn ará Faransé kan, Erika Nimis, ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì gbé ìwé jáde ní ọdún 2005 nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá tó tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ á gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, á gbé kámẹ́rà rẹ̀, á wọkọ̀ lọ sí ìlú tí kò tíì sí ayàwòrán púpọ̀, á sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Niger, Mali, Ivory Coast, Togo, Benin, àti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Haute-Volta kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Burkina Faso ní ọdún 1984. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí oníbàárà tí kò gbọ́ ọ: "Má mira!" Èèyàn lè gbọ́ ọ, kó mú èémí dúró. Ẹ̀kán omi kì í gbọ́ ọ. Ẹ̀tàn la ó fi mú òun.

Ohun tí fíláàṣì ń ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ibi tó ṣókùnkùn lè mọ́lẹ̀ nìkan ni fíláàṣì wà fún. Ó ní iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá ti dúró lójú fèrèsé nígbà tí òjò ń rọ̀ lóru mọ̀ ọ́n: bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ lẹ́ẹ̀kan, ewé igi tí ìjì ń jù síwá sẹ́yìn á dà bí ohun tó dúró sójú kan. Igi kò dúró o. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni kò pẹ́ tó láti fi ìrìn rẹ̀ hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kán omi tó já láti òkè sẹ̀ǹtímítà 50 yóò ti máa sáré ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi máa kan omi inú abọ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò sì lè bá fíláàṣì ṣiṣẹ́ bí ojú rẹ̀ bá ń là tó sì ń padé yára ju ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ẹ bá fi ipá mú un, ìlà dúdú kan á bo apá kan fọ́tò. Láàárín ìdá kan nínú 200 yẹn, ẹ̀kán wa ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ. Nínú fọ́tò, kò ní jẹ́ ẹ̀kán mọ́, òwú funfun ni yóò dà bí.

Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣókùnkùn, kí ojú kámẹ́rà wà ní lílà, kò sí ohun tí yóò rí. Ìgbà tí fíláàṣì bá kọ mọ̀nà nìkan ló ríran. Bí a bá sì dín agbára fíláàṣì kékeré kù dé 1/64, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà pẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, ẹ̀kán omi wa kò tíì rìn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Lójú kámẹ́rà, ó dúró gbọnin.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà rèé. Wọ́n á rò pé bí agbára fíláàṣì bá ṣe pọ̀ tó ni fọ́tò yóò ṣe mọ́ kedere tó. Òdì kejì ni. Bí agbára bá pọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á pẹ́ sí i, ẹ̀kán á sì fà. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn jù, ẹ sún fíláàṣì mọ́ abọ́, ẹ má fi agbára kún un.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Kámẹ́rà tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣètò, èyí tó ní lẹ́tà M lórí, ni kẹ́ ẹ lò. Fíláàṣì rẹ̀ kò ní jókòó lórí kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ló máa wà, torí náà ẹ nílò wáyà rẹ̀ tàbí rìmóòtù kékeré tó ń mú un kọ. Fíláàṣì àtijọ́ láti ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lè ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ṣeé dín kù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan nínú àwọn ògbólógbòó fíláàṣì máa ń ti iná tó le jù sínú kámẹ́rà òde òní, wọ́n sì lè bà á jẹ́.

Ẹ wá abọ́ jíjìn kan tí inú rẹ̀ dúdú tàbí tó jẹ́ gíláàsì. Ẹ bu omi kún un dé etí, kí etí abọ́ má bàa hàn nínú fọ́tò, kí ẹ sì gbé e sínú tírée tó fẹ̀ kí omi tó bá ta síta má bàa ṣòfò. Ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ṣófo ṣe ẹ̀rọ: ẹ bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ fi okùn so ó kọ́ sára igi tàbí ẹ̀yìn àga tí ẹ gbé sórí tábìlì, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50 sókè abọ́, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ gún igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí omi bá ń ṣàn bí okùn, ihò ti tóbi jù. Kó máa kán tó… tó… tó… ni a fẹ́, kí èèyàn lè kà á.

Lẹ́yìn abọ́ náà, ẹ gbé bébà aláwọ̀ tàbí aṣọ tó ní àwọ̀ dúró. Faso Danfani, aṣọ òwú tí wọ́n ń hun nílẹ̀ yìí, dára púpọ̀ fún un. Bí ẹ bá doju fíláàṣì kọ aṣọ náà dípò omi, ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ ba aṣọ, á sì padà gba inú omi kọjá wá sínú kámẹ́rà, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á sì gbé àwọ̀ aṣọ náà wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ omi pupa lè fi ìṣápá sínú ọ̀rá, ìyẹn bissap tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìkóríta níbí, àmọ́ kó má ṣe fi ṣúgà sí i kó má bàa lẹ̀ mọ́ nǹkan.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹnì kan máa mójú tó ọ̀rá, kí ẹnì kan máa tẹ kámẹ́rà, kí ẹnì kan máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Kí ọmọ tó kéré jù máa ka ẹ̀kán. Ẹ fi àgbàlagbà kan ṣọ́ fíláàṣì.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kámẹ́rà mọ ibi tó máa wò. Inú òkùnkùn ni, ẹ̀kán omi kò sì ní dúró dè é. Nígbà tí iná yàrá ṣì wà ní títàn, ẹ gbé bíírò dábùú orí abọ́, ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀kán ń balẹ̀ sí gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán kan bà á lórí kó lè dá yín lójú. Ẹ yí lẹ́ńsì títí lẹ́tà ara bíírò yóò fi mọ́ kedere, ẹ wá yí bọ́tìnnì lẹ́ńsì sí MF kó má bàa tún máa wá ibòmíràn wò. Ẹ gbé bíírò kúrò. Láti ìgbà yìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún abọ́ tàbí kámẹ́rà. Bí ẹ kò bá ní ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, àpò ìrẹsì kékeré lórí àpótí kan á gbà á dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣètò kámẹ́rà báyìí: 1/200, f/11, ISO 200. Ẹ fi fíláàṣì sí 1/64. Ẹ pa iná. Bí ilé iṣẹ́ mànàmáná bá ti bá yín pa á, ẹ má bínú, bátìrì ni fíláàṣì ń lò.

Ìgbà wo wá ni kí èèyàn tẹ̀ ẹ́? Láti òkè sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ̀kán máa ń lò tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó balẹ̀. Ọwọ́ èèyàn náà sì máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lẹ́yìn tí ojú bá ti rí nǹkan, kámẹ́rà náà á tún fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá dúró títí ẹ̀kán fi kan omi kó tó tẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ jù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tan ẹnu ọ̀rá nìkan, kí ẹ máa wo ibẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀kán bá ṣe ń já gẹ́lẹ́. Nínú ogún fọ́tò àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé méjì péré ni yóò ní nǹkan nínú. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Tó bá fi máa di ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ ọmọ yín ti mọ ìlù tí omi ń lù.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà

Iná tó wà lẹ́yìn fóònù kì í ṣe fíláàṣì gidi. Gílóòbù kékeré ni; ó máa ń tàn ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà fi ń ríran ni, kì í kọ mọ̀nà kó sì kú. Kò lè mú ẹ̀kán dúró. Àmọ́ ìlú yìí ní ohun kan tó pọ̀ ju owó lọ, ìyẹn oòrùn. Ẹ gbé abọ́ sí àgbàlá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí fóònù yín bá ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí, ẹ ṣí i, kí ẹ fi ìyára rẹ̀ sí 1/4000. Nínú àkókò yẹn, ẹ̀kán wa kò rìn tó mìlímítà kan. Kò ní mọ́ bíi ti fíláàṣì, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i. Bí kò bá sí Pro, ẹ fi fídíò tó ń lọ jẹ́jẹ́ gbà á sílẹ̀, kí ẹ wá máa dá a dúró ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ máa rí

Ẹ̀kán bá balẹ̀, omi inú abọ́ á kọ́kọ́ ṣí bí àwokòtò kékeré. Etí àwokòtò náà á gbéra sókè yí ká, á sì máa ta ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí orí rẹ̀ bí adé. Bí ẹ bá fẹ́ adé tó dára jù, ẹ má lo abọ́ jíjìn. Ẹ da mílíìkì fẹ́ẹ́rẹ́ sórí àwo pẹrẹsẹ, kí mílíìkì máa kán lé e. Nínú abọ́ jíjìn, nǹkan mìíràn ló tún máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àwokòtò: inú rẹ̀ á pa dé, omi á sì yọ sókè láti àárín bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan lérí. Bí ẹ̀kán kejì bá wá bá òpó náà lókè, tí wọ́n sì forí sọ ara wọn, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bí agbòòrùn. Èyí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń wá kiri. Ohun tí ìṣẹ́jú àáyá kan kò kún fún ni gbogbo rẹ̀, ojú abọ́ tí à ń fọ lójoojúmọ́ ló sì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ má pa èyí tí kò gún rẹ́

Bí ẹ bá ń wo fọ́tò yín lẹ́yìn náà, ọmọ yín á fẹ́ pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ rẹ́. Adé tó wọ́ sápá kan, òpó tó tẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó ya kúrò lára àwọn yòókù: "Èyí ò dáa." Ẹ ní kó dúró ná, kí ẹ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún un.

Arthur Worthington, olùkọ́ nípa físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀kán omi àti ti mílíìkì láti nǹkan bí ọdún 1875. Kò sí kámẹ́rà tó yá tó nígbà náà. Ó máa ń jókòó sínú òkùnkùn, iná kan á ta ṣáá bí ẹ̀kán bá ti balẹ̀, á sì ya ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó gbàgbé. Á wá jẹ́ kí iná tó tẹ̀ lé e pẹ́ díẹ̀ sí i, kó lè rí ohun tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi ní àwòrán gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ̀kán ń gbà fọ́. Àwòrán rẹ̀ dára lójú: gbogbo adé rẹ̀ ló dọ́gba, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ orí wọn ló jìnnà síra bákan náà.

Ní ọdún 1894, ó rí ọ̀nà láti fi fọ́tò gidi mú un. Fọ́tò kò fi adé tó dọ́gba hàn án. Èyí wọ́ sọ́tùn-ún, èyí ya létí. Worthington padà sídìí àwọn àwòrán àtijọ́ tó fọwọ́ yà, ó sì rí i pé òun ti ń rí àwọn tí kò dọ́gba yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, pé àṣìṣe ni wọ́n, pé ẹ̀kán "gidi" gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọkàn rẹ̀ ló ń tún ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ o. Ó sọ ọ́ fáyé gbọ́, ó sì kó àwọn fọ́tò náà sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1908.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Harold Edgerton, ẹnjiníà ní MIT ní Amẹ́ríkà, sọ fíláàṣì tó yá bí àṣá di ohun èlò. Ó ti ní fọ́tò adé mílíìkì tó lókìkí ní ọdún 1936, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọdún 1957 ló tó ya èyí tó ní àwọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ títí dòní. Ó lé ní ogún ọdún lórí ẹ̀kán mílíìkì! Sùúrù irú èyí kò burú láti fi kọ́ ọmọ. Àmọ́ bí mo bá ní kí n mú ẹ̀kọ́ kan nínú méjèèjì, ti Worthington ni mo máa mú.

Ìdí ni pé àwọn ọmọ wa ń dàgbà láàárín àwòrán tí wọ́n ti tún ṣe. Fóònù ń pa kókó ojú rẹ́ kí ẹni tó ni ojú tó rí i. Ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ ṣe àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, á sì dọ́gba ju èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá mọ́ lára pé kó máa tọ́jú èyí tó rẹwà nìkan, tó ń ju ìyókù nù, lè dàgbà láì mọ̀ pé òun ń parọ́. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lò: ẹ kò gbọdọ̀ pa fọ́tò kankan rẹ́ títí ẹ ó fi wò ó pọ̀. Ẹ kọ nọ́ḿbà rẹ̀, gíga ọ̀rá, agbára fíláàṣì àti ohun tó ń kán, bóyá omi ni tàbí mílíìkì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá mú fọ́tò méjì: èyí tó rẹwà jù lójú rẹ̀, àti èyí tó yà á lẹ́nu jù. Kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Láti inú abọ́ dé orí ilẹ̀

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé omi tì, kí ẹ bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ti kù sínú àwo méjì. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo ọ̀kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ gbé bébà funfun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá jẹ́ kí ogún ẹ̀kán kán sórí àwo kìíní, kí ogún mìíràn kán sórí ìkejì. Bébà ìhòòhò á kún fún àmì ẹrẹ̀. Èkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá fi fíláàṣì yà á, ẹ ó rí adé náà, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ni yóò jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ojú lẹ́ńsì o.

Ẹ̀kán inú ilé wa ń sáré ní mítà mẹ́ta péré. Ẹ̀kán òjò ńlá lè máa bọ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí méjèèjì bá tóbi bákan náà, ti òjò ń fi agbára ìlọ́po mẹ́sàn-án gbá ilẹ̀. Bó bá gbá ilẹ̀ ìhòòhò, ó ń tú u ká. Ìyẹ̀fun erùpẹ̀ á wọnú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ilẹ̀, á dí wọn pa, oòrùn á sì yan án. Ilẹ̀ líle tí kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀ mọ́ ni àwọn Mossi ń pè ní zipélé. Bí òjò mìíràn bá tún dé, omi kò ní ráyè wọlé, á ṣàn lọ. Àgbẹ̀ rí òjò, iṣu kò rí omi.

Ohun tí Yacouba Sawadogo bá jà nìyẹn. Àgbẹ̀ ni láti Gourga, ní agbègbè Ouahigouya ní àríwá ilẹ̀ yìí. Nígbà ọ̀dá ọdún 1980 sókè, ó mú zaï, ihò kéékèèké tí àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ sí ilẹ̀ líle, ó gbẹ́ tirẹ̀ fẹ̀ sí i, ó sì ń kó ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí sínú wọn kí òjò tó dé. Omi bá ní ibi tó lè dúró sí. Ọkà hù níbẹ̀, igi náà sì tẹ̀ lé e títí ó fi di igbó. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018. Ó kú ní oṣù December ọdún 2023. Kò ní fíláàṣì. Ó wo ilẹ̀ náà pẹ́ ni, kò sì wojú kúrò lára ibi tí kò dára.

Ìkìlọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bátìrì nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe gbé wáyà iná ilé sórí tábìlì tó tutù. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé fíláàṣì, kí ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú inú fíláàṣì wò, kódà bí ẹ ti yọ bátìrì rẹ̀: ó máa ń tọ́jú iná pamọ́ sínú, iná náà sì lè gbá èèyàn gidigidi. Ẹ má kọ ọ́ sójú ọmọ ọwọ́ nítòsí. Kí ẹ sì nu ilẹ̀ kí àgbà ilé má bàa yọ̀ ṣubú.

Nígbà tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ ní Ouaga, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sídìí ògiri agboolé bó bá ti dá. Ẹ ó rí àmì ẹrẹ̀ pupa láti ilẹ̀ sókè, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló gbé e débẹ̀. Kí wọ́n fi rúlà wọn bó ṣe ga tó níbi tí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò, àti níbi tí koríko wà, kí wọ́n sì kọ nọ́ḿbà méjèèjì sínú ìwé kan náà tí nọ́ḿbà àwọn fọ́tò wà.